Ọrẹ Ọjọ́ fún Ìyá Taesik

Oṣù Kọkànlá, ọjọ́ kejì, Ọjọ́ Àìkú

A ṣe ọrẹ ọjọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, ọrẹ tí a máa ń fi ọjọ́ iṣẹ́ wa ṣe dípò owó. Ìyá Ìjọ Byeon kọ ọjọ́ mẹ́wàá sórí bébà tirẹ̀, ó sì rọra gbé e sókè kí gbogbo wa lè rí i kó tó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀. Èmi kọ ogún. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́run mọ̀ pé kì í ṣe Òun ni mò ń wò nígbà tí mò ń kọ ọ́.

Mo ti mọ ohun tí màá fi ọjọ́ mi ṣe: kí n gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, kí n nu àga, kí n to òdòdó síwájú pẹpẹ, bí mo ti ń ṣe lọ́dọọdún. Iṣẹ́ tí gbogbo ojú ń rí ni. Àfi bí Pásítọ̀ Seok, ọmọ àná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sáàárín wa, ṣe dìde tó ní lọ́dún yìí òun fúnra òun ló máa pín iṣẹ́ ọjọ́ náà fún wa, torí ṣọ́ọ̀ṣì ti mọ́ tó. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Iyọ̀ ti gbówó lórí, ata pupa náà ò gbẹ́yìn. Bí kimchi ọdún yìí, kábéèjì tí a ń fi iyọ̀ àti ata pò pamọ́ de ìgbà òtútù, ò bá dùn, kí ẹnikẹ́ni má bú ọwọ́ mi.

Ọjọ́ kẹrin

Ìyá Taesik ni Pásítọ̀ fún mi. Ham Bunnye fúnra rẹ̀! Ogójì ọdún la ti jọ ń gbé ilé tó fara kan ara wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì kan inú ṣọ́ọ̀ṣì rí àyàfi lọ́jọ́ tó wá bá wa jà pé agogo wa ń jí ajá òun. Oṣù tó kọjá ló gbé agbọ̀n èso dání, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, eegun ìbàdí rẹ̀ kán. Wọ́n fi irin tò ó ní ọsibítù, wọ́n ti gbé e padà wálé. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, òun nìkan nínú ilé. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Taesik, wà ní Incheon níbi iṣẹ́.

Mo sọ fún Pásítọ̀ pé èmi àti ìyá yẹn ò rẹ́. Ó ní, "Mo ti gbọ́ bẹ́ẹ̀, Ìyá Ìjọ. Ìdí tí mo fi yàn yín nìyẹn." Ọmọ yìí á jìyà lọ́wọ́ wa kó tó dàgbà.

Nígbà tí Gyuman ọmọ mi gbọ́ ọ nídìí oúnjẹ alẹ́, ńṣe ló kẹ́rìn-ín. Ó ní Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn yìí. Oko ìyá yẹn ló ń sọ, èyí tó kọjú sóòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Láti ìgbà tí bàbá Gyuman ti wà láyé la ti ń wò ó. Yìnyín kì í pẹ́ lórí rẹ̀, kábéèjì ibẹ̀ sì máa ń dì gbagidi, ó máa ń dùn. Gyuman ní bí ìyá náà ò bá lè dá gbé mọ́, Taesik á mú un lọ sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ta ló sì máa wá gbé oko náà fún bí kò ṣe àwa tí ààlà wa kan tirẹ̀? Mo ní kó jẹun kí oúnjẹ má tutù. Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi ti wọ inú oko lọ.

Ọjọ́ karùn-ún

Otútù mú láàárọ̀. Mo gbé ọbẹ̀ sóyà dání lọ bá a. Ó dùbúlẹ̀, ó yí ojú sí mi, ó ní ṣé Ọlọ́run wa ló rán mi. Mo ní Pásítọ̀ ni. Ó ní ṣé kò rí ẹlòmíràn rán ni. Mo ní ìbéèrè tí èmi náà bi í nìyẹn.

Ó ní ọbẹ̀ mi dà bí omi ìfọkòkò. Ó lá a tán, ó ní ṣé ó ṣẹ́ kù.

Mo gbálẹ̀, mo fọ aṣọ, mo dì í mú dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló wúwo.

Ọjọ́ keje

Òjò. Mo lọ, ó bú mi, mo padà sílé.

Ọjọ́ kẹsàn-án, Ọjọ́ Àìkú

Pásítọ̀ dárúkọ mi níwájú gbogbo ìjọ pé mò ń tọ́jú ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Mo tẹrí ba bí onírẹ̀lẹ̀. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rí ojú Byeon. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀, mi ò ní purọ́ sínú ìwé ara mi. Aṣọ ìjókòó ni Pásítọ̀ ní kí Byeon máa rán.

Ọjọ́ kọkànlá

Ilẹ̀ yàrá rẹ̀ tutù bí òkúta inú odò. Ó ti pa ẹ̀rọ tó ń mú ilẹ̀ gbóná, ó ní kẹrosíìnì ti wọ́n, pé èèyàn kan ṣoṣo kì í jó kẹrosíìnì bí ààfin ọba. Mo tàn án. Bí mo ṣe kẹ̀yìn ló fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ pa.

Mo po omi gbígbóná, mo ti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ oko nígbà ọ̀dá. Mo fi ọṣẹ pa á, mo fi òróró ra á. Kò bú mi rárá ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ irú ìwàásù tí Pásítọ̀ máa fi èyí ṣe, torí náà mi ò sọ fún un.

Ọjọ́ kẹtàlá

Taesik pè mí lórí fóònù. Ó rẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá pe ìyá òun ló máa ń sọ pé ara òun le bí irin, òun ò sì mọ èyí tí òun lè gbà gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ ń rí i lójoojúmọ́. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó lè dá gbé?"

Ojú fèrèsé ni mo dúró sí. Oòrùn wà lórí oko náà, tiwa ṣì wà nínú òjìji òkè. Mo ní, "Ó ń gbìyànjú o. Àmọ́..." Mo dúró síbẹ̀, mi ò parí ọ̀rọ̀. Ó ní òun ti gbọ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo sọ òótọ́ fún òun.

Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí mo sọ. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ọjọ́ kẹrìnlá

Àdúrà ìdájí. Gbogbo wa ń gbàdúrà lóhùn rara pọ̀, bí ìṣe wa. Ẹnu mi ò là. Mo sọ fún ara mi pé otútù ni.

Taesik tún pè lọ́sàn-án. Ó ti rí ilé ìtọ́jú kan nítòsí Incheon, ó ní ó mọ́, ibùsùn kan sì ṣófo. Ọjọ́ tí àwa obìnrin bá jọ ṣe kimchi ìgbà òtútù nílé ìyá rẹ̀ ló máa wá, ìyẹn Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, ó sì máa gbé e lọ lọ́jọ́ kejì. Ó bẹ̀ mí kí n má tíì sọ fún un, kó má baà dààmú.

Gyuman ti lọ fi ẹsẹ̀ wọn oko náà. Ó wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ń súfèé.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo bá ìyá náà lórí ìdúró. Ó di irin ìtilẹ̀ tí wọ́n fún un ní ọsibítù mú, ó ń wọ́ ẹsẹ̀. Ó ní ní ọsibítù, Taesik búra fún òun pé bí òun bá lè fi ẹsẹ̀ ara òun rìn dé ẹnu géètì kó tó dọjọ́ kimchi, ẹnikẹ́ni ò ní dárúkọ ilé àwọn arúgbó létí òun mọ́.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń bú. Ó ní, "Ọ̀lẹ. O ru ẹrù igi sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè nígbà tí o wà lọ́mọge, ṣé ẹnu géètì ló wá di òkè fún ọ?" Ó dé ìloro, ó jókòó, òógùn bò ó nínú otútù yẹn. Ó bi mí pé ọjọ́ mélòó ló kù. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ó tó mi."

Mo lọ sídìí iná, mo dúró síbẹ̀. Mi ò rántí ohun tí mo wá mú.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Ó dé àárín àgbàlá lónìí, ó sì ṣubú. Kò fara pa, ẹ̀gbẹ́ tó dáa ló fi lélẹ̀. Mo tẹ̀ ba láti gbé e, ó gbá mi lọ́rùn aṣọ mú. Ó ní, "Má sọ fún Taesik." Mo ní mi ò ní sọ. Ó ní, "Ìyá Gyuman, mo bẹ̀ ọ́."

Ní ogójì ọdún, mi ò gbọ́ "mo bẹ̀ ọ́" lẹ́nu obìnrin yìí rí. Èmi tí òun ń bẹ̀ pé kí n má sọ̀rọ̀ yìí, mo ti bá Taesik sọ̀rọ̀ tipẹ́.

Ogúnjọ́

Mo bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn. Ṣebí wọ́n á máa fún un lóúnjẹ, ilẹ̀ á sì máa gbóná. Ó ní ilé bẹ́ẹ̀ ni àbúrò òun obìnrin kú sí. Òun lọ kí i nígbà kan, wọ́n gbé kimchi fún un tí wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé wẹ́wẹ́ bí ẹni fẹ́ fún òròmọdìyẹ jẹ. Àbúrò rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè bá du àwo kimchi láyé rẹ̀, ó ń ṣà á jẹ, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé tó gbé e wá. Ó ní ọpẹ́ yẹn ló pa òun lára. Ó ní, "Mi ò fẹ́ di ẹni tó ń dúpẹ́ ṣáá."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ torí pé ó yà mí lẹ́nu. Ọjọ́ mélòó ni mo ti fi ń tọ́jú ara rẹ̀ tí n kò ṣàánú rẹ̀ rí.

Ọjọ́ kejìlélógún

Mo sọ fún Gyuman pé mo fẹ́ pe Taesik padà. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Màámi, ta lẹ fẹ́ràn jù, èmi àbí obìnrin tó ń sọ òkò lu adìyẹ wa?" Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, kò níyàwó, oko tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ò rí oòrùn títí di ọ̀sán. Ohun gbogbo tó bá gbìn ló ń pẹ́ jáde. Kì í ṣe ọmọ burúkú, ó sì máa ń tètè jí.

Ojúkòkòrò ni baba ọ̀kánjúwà, èmi ni mo sì fi kọ́ ọ. Ìfẹ́ ọmọ ni mo ń pè é láti ọjọ́ yìí wá, ó sì bá mi lára mu bí ẹ̀wù.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo pe Taesik. Mo ní ìyá rẹ̀ ń rìn, pé kó má mú un lọ. Ó fi sùúrù gbọ́ mi. Ó ní, "Màmá, àánú ló ń ṣe yín. Òótọ́ lẹ sọ fún mi níjọ́sí." Ó ti sanwó ibùsùn náà. Ó bi mí pé bí ìyá òun bá ṣubú lóru, ta ló máa wà níbẹ̀?

Mo mọ èsì. Ọdọọdún ni mo máa ń lọ lo ìgbà òtútù lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní Busan, níbi tí mi ò ti ń fọwọ́ kan omi tútù, tí ọmọ-ọmọ mi sì ń tẹ ẹ̀yìn fún mi. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Èsì náà wúwo, mo sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé géètì. Ó ní tọ̀la ni. Yìnyín àkọ́kọ́ bọ́ díẹ̀, kò dúró nílẹ̀.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Bí a bá yọ àwọn Ọjọ́ Àìkú kúrò, ogún ọjọ́ tí mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé lánàá. Mo tún lọ lónìí.

Mo pe ọmọ mi ní Busan pé mi ò ní wá. Ó ní ṣé ara mi ò yá ni. Mo ní ara mi yá.

Rédíò ní otútù tó ń bọ̀ lálẹ́ máa mú ohunkóhun tó bá wà nílẹ̀. Kábéèjì wa ṣì wà lóko, ti ìyá náà pẹ̀lú ṣì wà lóko. Tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gé, torí bí tirẹ̀ bá bàjẹ́, kò ní sí kimchi tí a máa ṣe lọ́la. Gyuman dúró lójú ààlà, ó ń wò mí. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó fo kòtò kọjá pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìparí kejì. A pàdé láàárín oko. Kò wo ojú mi. Díẹ̀ nínú tiwa bọ́ sọ́wọ́ otútù.

Mo la kábéèjì, mo rẹ ẹ́ síyọ̀, ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ọjọ́ kimchi. Àwọn obìnrin ìjọ wá, wọ́n tò yí abọ́ ńlá ká ní àgbàlá Ìyá Taesik. Byeon mú ọ̀bẹ tirẹ̀ wá, ó sì mú èrò tirẹ̀ wá: edé oníyọ̀ ló yẹ kí a pò mọ́ ata. Ìyá Taesik sọ láti orí ìjókòó rẹ̀ pé nílé òun, ẹja wẹ́wẹ́ oníyọ̀ ni, ẹni tó bá fẹ́ edé kó lọ ṣe kimchi nílé ọkọ tirẹ̀. Mo gbádùn ìyẹn.

Ọkọ̀ Taesik dé nígbà tí oòrùn ti gòkè. Ìyá rẹ̀ dìde. Mo na ọwọ́, ó gbá a dà nù. Ó di irin rẹ̀ mú, ó gba àárín àgbàlá, ó kọjá ibi tó ti ṣubú. Ọwọ́ gbogbo wa dúró nínú ata. Ó dé géètì, ó fi irin sílẹ̀, ó di òpó mú. Ó ní, "Ṣé o rí i?"

Taesik ní, "Mo rí i, Màámi." Ó wolẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo èmi.

Ìyá náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó rí ibi tí ojú ọmọ rẹ̀ lọ, ó sì bi í pé kí ló dé. Taesik sọ fún un: ilé náà, ibùsùn tó ti sanwó rẹ̀, pé torí ìgbà òtútù nìkan ni. Ìyá rẹ̀ ò pariwo. Ó ní, "O búra fún mi." Ìyẹn nìkan ló sọ.

Ata dé ìgúnpá mi, mi ò ráyè nù ún. Mo ní, "Taesik, ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ọ lórí fóònù, kì í ṣe torí ẹsẹ̀ ìyá rẹ. Torí oko rẹ̀ ni. Mo fẹ́ kó lọ, kí oko náà lè kù fún wa."

Mo mọ̀ pé láti ẹnu Byeon, ọ̀rọ̀ yìí á ti dé ìlú Mokpo kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ní, "Ó lè rìn, o ti rí i. Ohun tí kò lè ṣe ni kó dá sùn. Èmi ni màá máa sùn tì í."

Ó ní, "Títí dìgbà wo, Màmá?"

Mo ní, "Títí yóò fi lé mi jáde."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè. Ìyá náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ pé o ń wo oko yẹn. Ta ni kò ní wò ó?" Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀ pé, "Obìnrin yìí ń hanrun o. Inú ilé mi níbí ni mo ti máa ń gbọ́ ọ." Taesik jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. A fi í sílẹ̀ kó sunkún rẹ̀ tán.

Ìyá Taesik padà sídìí abọ́. Ó ya ewé inú kábéèjì, èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó wé ata mọ́ ọn. Bí a ṣe ń ṣe lọ́jọ́ kimchi nìyẹn, ẹnì kan á fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi í sẹ́nu ẹnì kejì. Ẹnu gbogbo obìnrin abúlé yìí ni ọwọ́ yẹn ti dé, ọdọọdún ló sì máa ń fo èmi dá. Ó ní, "Ya ẹnu." Mo ya ẹnu.

Mo jẹ ẹ́ tán, mo ní kò níyọ̀ tó. Ó ní ẹnu mi ni kò níyọ̀.

Ọgbọ̀njọ́, Ọjọ́ Àìkú

Lẹ́yìn ìsìn, Pásítọ̀ bi mí pé ṣé ọjọ́ mi ò tíì pé. Mo ní kó lọ ka bébà rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Byeon ò kí mi.

Taesik lọ lọ́sàn-án. Ó ti tẹ́ aṣọ òtútù sórí ìjókòó iwájú láti Incheon fún ìyá rẹ̀. Garawa kimchi ló gbé síbẹ̀, ó sì fi bẹ́líìtì dè é kó má dà nù lójú ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ di òpó géètì mú títí ọkọ̀ náà fi yà lẹ́yìn òkè. Kò juwọ́. Ó ní Taesik ò de garawa náà dáadáa.

Gyuman ló bá mi gbé ẹní àti aṣọ ìbora mi wá nírọ̀lẹ́. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Àmọ́ ó bá ìyá náà tún ìdè ilẹ̀kùn tó ti ń já ṣe kó tó máa lọ.

Mo dúró díẹ̀ níta kí n tó wọlé. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lórí oko náà. Ó ṣì ń wù mí. Mo wọlé lọ bá a.